Orin Tí Wọ́n Yọ Èémí Inú Rẹ̀

Ẹsẹ kìíní ni ó kọ́kọ́ lọ.

Ojú ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì ti wọ ilé ìdáná dé ibi tí wọ́n ń to abọ́ sí. Obìnrin olórin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní Iyọ̀, nítorí bí ohùn rẹ̀ ti dùn tó, dúró nídìí omi ẹ̀rọ, ó ń fọ ife. Ó fẹ́ fi orin tí ó kọ sínú ẹ̀rọ ní àná dá ara rẹ̀ lára yá. Ó la ẹnu. Ètè rẹ̀ ṣe bí ètè ẹni tí ń kọrin, ahọ́n rẹ̀ sì lọ síbi tí ó yẹ kí ó lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó jáde. Ó pa omi. Ó tún la ẹnu. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn kan tí kò sí níbẹ̀.

Ó gbìyànjú ẹsẹ kejì, èyí tí wọn kò tíì gbà sílẹ̀. Geere ni ó jáde. Ó padà sí ẹsẹ kìíní: kò sí.

"Ọ̀fun lásán ni," ó sọ fún ara rẹ̀, ohùn tí ó fi ń sọ̀rọ̀ sì dún bí ó ti máa ń dún. Ó mu omi gbígbóná ife méjì, ó wọ bàtà, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Orin tí wọ́n ń ṣe nígbà náà ni wọ́n pè ní "Obìnrin Atukọ̀". Orin rọ́ọ̀kì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ń sáré. Ó ń rìn bí ẹni tí ó ru ẹrù wúwo. Gìtá kan ṣoṣo ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìlù kò sì wọlé títí di ẹsẹ karùn-ún. Ó sọ ìtàn obìnrin kan tí ó wa ọkọ̀ la adágún tí kò nísàlẹ̀ kọjá lọ bá Ọba Ìkùukùu, ẹni tí ejò abìyẹ́ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, láti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá ọkọ òun tí ó rì sómi padà. Ọba náà gbà, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin náà ni ó béèrè fún ní pàṣípààrọ̀. Ẹsẹ méje ni orin náà ní, ó sì parí sí ohùn gígùn kan tí atukọ̀ náà ń fà títí kò fi ní nǹkan kan mọ́.

Ọkùnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Àgbà ni ó kọ ọ́. Ogún ọdún ni òun fúnra rẹ̀ fi jẹ́ olórin ẹgbẹ́ tí Iyọ̀ ń bá kọrin kí àwọn dókítà tó fi ọ̀bẹ kan ọ̀fun rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá sọ̀rọ̀, ńṣe ni ó ń dún bí ìwé tí wọ́n ń rọra fà ya. Òun ni ó kọ́ Iyọ̀ níṣẹ́ láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Bàbá ni Iyọ̀ ń pè é.

Yàrá ìgbohùnsílẹ̀ wọn wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé kan. Kò ní fèrèsé. Fóòmù dúdú ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ yíká, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá sọ níbẹ̀ kì í padà wá bá a. Ọkùnrin tí ń darí ẹ̀rọ jókòó lẹ́yìn gíláàsì. Fínnífínní ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ẹni tí ó rí àyè eruku lórí tábìlì rẹ̀ rí.

"O pẹ́," ó wí fún Iyọ̀.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin."

"Mẹ́rin àti ààbọ̀. Mo ń wo aago."

"Ìyàwó rẹ ń gbìyànjú o."

"Ìyàwó mi máa ń tètè dé."

Àgbà wà lórí àga ní igun, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀. "Ẹsẹ kejì lónìí," ó wí. "Ọ̀kan ṣoṣo lójúmọ́, bí mo ti sọ."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tún ẹsẹ kìíní kọ. Kò tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ìyá orin, ohun tó ti wọlé ti wọlé. Dúró sí àyè rẹ lórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn."

Ó dúró. Ó mọ ohun kan lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó le, tí ó gùn bí ìka ọwọ́. Ó sún díẹ̀.

"Ojú kan," Àgbà wí. "Má sún."

Ó kọ ẹsẹ kejì láìṣe àṣìṣe kankan. Fínnífínní gbé àtàǹpàkò sókè. Kí Iyọ̀ tó dé ìta, ó ti dán ẹsẹ kejì wò lábẹ́ ahọ́n, òun náà ti lọ.

* * *

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ẹsẹ kẹrin sílẹ̀, Àgbà lọ sí ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Ọkùnrin tí ń tún dùùrù ṣe ni ó ni ibẹ̀. Dùùrù tí wọ́n ti tú kún ilé náà débi pé ẹ̀gbẹ́ ni ènìyàn fi ń rìn, eyín tí ìka ń tẹ̀ lára wọn sì wà nínú páànù ní òkìtì òkìtì, funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Bí àwọn kan ti ń wá síbẹ̀ nítorí dùùrù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń wá nítorí nǹkan mìíràn, ọkùnrin náà kì í sì í bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó jókòó.

"Mélòó ló ti wọlé?"

"Mẹ́rin."

"Ṣé ó ti mọ̀?"

"Omi gbígbóná ló ń mu. Kò sí olórin tí kì í kọ́kọ́ dá ọ̀fun lẹ́bi."

"Eyín dùùrù tí mo fún ọ ńkọ́?"

"Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló wà. Orí rẹ̀ ló ń dúró sí lójoojúmọ́."

Ọkùnrin náà nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó sì tọ́ka sí dùùrù ńlá kan tí kò sí wáyà kankan nínú rẹ̀ mọ́. "Gbé etí lé e."

Àgbà tẹ̀ ba, ó gbé etí lé pákó náà. Nínú òfìfo yẹn, ní ọ̀nà jíjìn, obìnrin kan ń kọrin:

*Mo wa ọkọ̀ mi sórí omi tí kò nísàlẹ̀,*
*àjẹ̀ mi kò kan ohunkóhun.*

Àgbà di dùùrù náà mú.

"Ọmọ rẹ ni, àbí?" ọkùnrin náà bi í.

"Mo kọ́ ọ níṣẹ́ ni."

"Mo bi ọ́ bóyá ọmọ rẹ ni."

"Èmi ni mo fún un ní ohun tó ń kọ. Tèmi ni mo ń gbà padà."

"Bí gbogbo yín ṣe máa ń wí nìyẹn." Ó mú eyín funfun kan nínú páànù, ó wò ó, ó sọ ọ́ padà. "Lọ́jọ́ tí ẹsẹ keje bá wọlé, gbogbo rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló wà. Bí ohùn náà bá ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ni kí ó ṣe wọlé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nǹkan kún un. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ nǹkan kúrò."

"Ta ni yóò yọ kí ni? Ogún ọdún ni mo fi gba orin sílẹ̀. Ohun tí o bá kọ ni yóò wà nínú téèpù. Kò sí ẹni tó ń ṣa orin bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà."

"Mo ti sọ tèmi," ni èsì ọkùnrin náà.

* * *

Àbúrò ìyá Iyọ̀ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lókè ilé ìfọṣọ. Aránṣọ ni àwọn tí ń gbé aṣọ wá mọ̀ ọ́n sí. Àwọn kan wà tí wọn kì í gbé aṣọ wá.

"Hẹn, ojú rẹ rèé," ó wí, láìgbé ojú kúrò lára abẹ́rẹ́. "Láti ìgbà tí mo ti bá ọ tú búláòsì pupa yẹn, o ò mọ ọ̀nà ibí mọ́."

"Iṣẹ́ ni, Àǹtí."

"Iṣẹ́ kọ́. O ń sanra, o wá ń sá fún mi kí n má baà wọ̀n ọ́."

Iyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Àǹtí gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì dákẹ́.

"Kọrin fún mi."

"Èwo?"

"Èyí tí mo fi ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún nígbà tí ìyá rẹ wà ní ọsibítù."

Iyọ̀ la ẹnu. Orin náà jáde lápá kan, ó ń já, ó ń so, bí omi inú páìpù tí ẹnìkan ń tì lọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn náà kò jáde mọ́.

Àǹtí kò béèrè ohun tí ó ṣe é. "Ta ló ń gbà á?" ni ó béèrè.

"Kí ni wọ́n ń gbà?"

"Má ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ta ló máa ń wà níbẹ̀ tí o bá ń kọ ọ́?"

"Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ. Àti Bàbá."

"Bàbá wo? Bàbá rẹ ti kú."

"Àgbà. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́."

"Ẹni tí wọ́n gé lọ́fun." Àǹtí rọra gbé sáàsì sílẹ̀. "Ó ní ẹsẹ kan lójúmọ́?"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ó ní o ò gbọdọ̀ tún èyí tó ti kọjá kọ?"

Iyọ̀ jókòó sórí òkìtì aṣọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di máíkì mú. Ìgbà tí Màámi kú, òun ló ń gbé oúnjẹ wá."

"Mi ò ní kò gbé e wá."

"Mi ò ní lọ mọ́, Àǹtí. Mi ò ní kọ mẹ́ta tó kù."

"Mẹ́rin tó ti lọ ńkọ́? Bí o bá dúró síbi tí o dé yìí, inú ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n á máa gbé. Kò ní jẹ́ tìrẹ, kò ní jẹ́ ti Àgbà. O ò ní kọrin mọ́ láyé." Ó fa àpótí kékeré kan jáde lábẹ́ tábìlì. "Gbọ́. Ohùn kì í dá rìn. Èémí ló ń gbé e. Kí o tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo ń mí sínú."

"Ó dáa. Wọ́n mú ohùn, wọn ò rántí èémí. A ò ní fọwọ́ kan ohùn rárá. Inú èémí la ó ti ká wọn mọ́."

Ohun tí ó mú jáde ni òwú dúdú kan tí ó ta kókó mẹ́ta sí, tí ó ti rẹ sínú nǹkan kan títí ó fi le. "Abẹ́ ahọ́n ni. Máa mí gba ara rẹ̀ kọjá. Bí ohùn rẹ bá dé ọ̀dọ̀ Àgbà yẹn, èémí yìí ni yóò ṣíwájú, yóò sì fún wọn lọ́fun títí wọn yóò fi pọ̀ ọ́."

Iyọ̀ tọ́ ọ wò. "Ó mà korò o."

"Ṣé kí n bá ọ fi ṣúgà sí i ni?"

"Àǹtí, ṣé yóò pa Bàbá?"

"Ǹjẹ́ àwọn béèrè bẹ́ẹ̀ nípa tìrẹ?"

* * *

Ó fi òwú náà sábẹ́ ahọ́n kọ ẹsẹ karùn-ún. Níbi tí ìlù ti wọlé, Àgbà wú ikọ́ lẹ́ẹ̀kan lórí àga rẹ̀. Ó tún wú u. Ó jáde kí wọ́n tó parí.

Nílé, Àgbà dúró síwájú dígí, ó la ẹnu. Ohun kan ń rìn nínú ọ̀fun rẹ̀. Ó ti ìka méjì bọ ẹnu, ó mú ìpẹ̀kun ohun náà, ó fà á. Òwú dúdú ni. Ó fà á, kò tán. Kókó kan jáde, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, òwú náà ń wọ́ lọ sínú ọpọ́n ìfọwọ́, ojú rẹ̀ sì ń dúdú lọ nínú dígí. Nígbà tí ó gbé fóònù, kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Ẹnìkan."

"Mo ti mọ̀," atúndùùrùṣe dá a lóhùn. "Dùùrù mi ti dákẹ́ láti àárọ̀. Ọwọ́ obìnrin ni. Fara dà á, kí o sì jẹ́ kí olórin rẹ kọ ìkẹfà."

Ní àkókò yẹn gan-an, Iyọ̀ wà nínú yàrá rẹ̀ ní òdì kejì ìlú. Ó la ẹnu láìnírètí, ẹsẹ kìíní sì jáde. Ó fẹ́lẹ́, ó tutù, bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé láti inú òjò, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún títí ilẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ fi tutù.

Ní ọjọ́ kejì ó kọ ẹsẹ kẹfà, òwú wà lábẹ́ ahọ́n. Àgbà kò wá. Iyọ̀ dé ilé, ó ń kọrin bí ó ti ń gun àtẹ̀gùn. Ó kọ ẹsẹ kìíní. Ó kọ ìkejì. Láàárín ìlà kẹta, bí ó ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, orin náà gé. Kì í ṣe ẹsẹ náà nìkan. Orin tí wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún lọ, àwọn tí ó mọ̀ láti ilé ìwé lọ, kíkùn tí ènìyàn ń kùn nínú imú pàápàá lọ.

Nílé Àgbà, òwú náà já. Àgbà rí i tí ìdá tí ó kù yọ́ sínú ọpọ́n bí yìnyín. Ó mí, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò mọ ẹni tí ó gbà á là.

* * *

"Jókòó, jẹ́ kí n fi nǹkan hàn ọ́," Fínnífínní wí, bí Iyọ̀ ti sáré padà wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. "Kò pẹ́ tí mo parí rẹ̀. Wo bó ṣe mọ́."

"Kí ló mọ́?"

"Ohùn rẹ. Láàárín ìlà sí ìlà, o ń mí bí ẹni tó ń gun òkè. Pàápàá ẹsẹ karùn-ún àti ìkẹfà. Kí lo tiẹ̀ fi sẹ́nu? Mo ń gbọ́ ohun kan tó ń yí. Mo ti yọ gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀."

Iyọ̀ wò ó. "O yọ èémí mi."

"Gbogbo rẹ̀."

"Ta ló ní kí o yọ ọ́?"

"Ta ló máa ní kí n yọ ọ́? Iṣẹ́ mi nìyẹn. Nínú orin tí mo ṣe, èwo lo ti gbọ́ tí ènìyàn ń mí?"

"Ṣé Àgbà mọ̀?"

"Bàbá yẹn? Wọ́n rò pé téèpù la ṣì ń lò."

"Níbo lo kó wọn sí?"

"Èémí? Níbo ni wọ́n ń kó èémí sí?" Ojú tì í díẹ̀. "Má rẹ́rìn-ín o. Mi ò kí ń jù wọ́n nù. Mo máa ń tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Ti gbogbo olórin tó ti dúró síbẹ̀ yẹn ni mo ní."

"Jẹ́ kí n gbọ́ tèmi."

Ó tẹ bọ́tìnì. Obìnrin kan ń mí nínú sípíkà méjèèjì, kò sọ̀rọ̀, kò kọrin, ńṣe ni ó ń mí sínú, tí ó sì tún ń mí sínú, bí ẹni tí ó ń múra láti sọ ohun kan tí kò ní sọ láéláé. Níbi tí ó dé bí èémí kẹẹ̀ẹ́dógún, ohun mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dún bí ìwé tí wọ́n ń rọra fà ya.

"Ta nìyẹn?" Iyọ̀ béèrè.

"Ìwọ kọ́?"

"Èmi kọ́."

Wọ́n tẹ́tí. Èémí kejì náà ń sún mọ́ ti Iyọ̀. Ní ìparí, ó ti wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ gan-an. Fínnífínní pa á, ó sì nu bọ́tìnì tí ó tẹ̀.

"Dá wọn padà sáyè wọn," Iyọ̀ wí. "Jọ̀ọ́."

Ó gbìyànjú. Ó fa ọ̀kan wá sáàárín ìlà kìíní àti ìkejì. Ó yọ̀ kúrò. Ó tún fà á. Ó tún yọ̀ kúrò. "Ẹ̀rọ ò gbà," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. "Kò ṣe irú èyí rí."

* * *

"Ṣé Àgbà ló rán ẹni tó ń darí ẹ̀rọ yẹn?" Àǹtí béèrè lórí fóònù.

"Rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Gbogbo olórin ló ń ṣe é fún."

"Nǹkan tí èmi àti ẹni tó ń bá wọn ṣe é ò rò rèé. Ẹ̀yin ènìyàn yìí, ẹ tún ń yọ èémí kúrò lára orin?"

"Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀, Àǹtí?"

"Bí o bá kọ ẹsẹ keje, ohùn náà á wọ Àgbà lára bó ṣe wà nínú ẹ̀rọ yẹn gẹ́lẹ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ orin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì ní sí àyè kan tí wọ́n ti lè mí. Ìṣẹ́jú mélòó ni orin yẹn?"

"Mẹ́fà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

Iyọ̀ gbé fóònù lọ sí etí kejì.

"Bó bá dé òpin, ohùn náà á máa wá ilé," Àǹtí wí. "Bí o bá wà nítòsí tí o gbà á lẹ́nu wọn kó tó balẹ̀, ó di tìrẹ padà. Ṣùgbọ́n orin tí kò ní èémí kò lè parí. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ mí, àwọn ò sì ní lè ṣe é."

"Bàbá mi ni, Àǹtí."

"Mo gbọ́. Mi ò ní sọ ohun tí wàá ṣe fún ọ."

* * *

Ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e, Àgbà tètè dé. Ó wọ ẹ̀wù funfun tí ó ti fi ń kọrin nígbà kan rí. Iyọ̀ kò lọ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó kúnlẹ̀, ó ká a, ó sì mú eyín dùùrù náà jáde.

"Bàbá, ẹ gba nǹkan yín."

Àgbà wò ó títí. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Láti ẹsẹ kẹrin."

"O sì kọ ìkarùn-ún."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ẹ̀rọ, èémí tí wọ́n yọ, ìṣẹ́jú mẹ́fà, ohùn tí yóò máa wá ilé ní òpin. Kò fi ọ̀kan pamọ́. Lẹ́yìn gíláàsì, Fínnífínní jókòó gbọọrọ, kò mira.

"Ṣé òótọ́ ni?" Àgbà bi Fínnífínní. "O yọ èémí rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti mọ́ tónítóní."

Àgbà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ya láàárín. "Ìṣẹ́jú mẹ́fà."

"Ẹ máa kú, Bàbá."

"Mo gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ohùn ti fi mí sílẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo kí ọmọ kékeré kan lójú pópó, mo ní káàsán o. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó sá wọ abẹ́ aṣọ ìyá rẹ̀."

"Ẹ bá ti sọ fún mi. Ǹ bá máa wá kọrin fún yín lójoojúmọ́."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè fara dà." Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí kápẹ́ẹ̀tì. "Mo ti gbìyànjú láti jí i. Mi ò jí i mọ́, mo ń tọrọ rẹ̀. Kọ ọ́, ìyá orin."

"Bí mi ò bá kọ ọ́ ńkọ́?"

"Àwa méjèèjì á jọ dákẹ́ nìyẹn. Èmi ti gbó. Ìwọ ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún."

Ohùn Fínnífínní wọlé, ó rọ̀. "Ṣé kí n máa gbà á sílẹ̀?"

"Gbà á," Àgbà wí. "Má sì yọ nǹkan kan."

Iyọ̀ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì padà. Ó fi eyín náà sábẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kọ ẹsẹ keje:

*Ìkùukùu, gba ohun tí o béèrè,*
*dá ẹni tí mo wá padà fún mi.*
*Bí ó bá pè mí nílé, n kò ní lè dá a lóhùn,*
*ṣùgbọ́n yóò pè mí.*

Ó fa ohùn ìparí náà títí kò fi sí mọ́. Nígbà náà ni ó mọ̀ pé inú òun ṣófo, bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù jáde nínú rẹ̀.

Àgbà la ẹnu.

Ohùn Iyọ̀ ni ó jáde, ṣùgbọ́n ó jáde láti àyà tí ó gbòòrò ju tirẹ̀ lọ, pẹ̀lú ọgbọ́n ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ náà bọ́ sórí omi. Àjẹ̀ náà kò kan ohunkóhun. Ó gba ẹsẹ kìíní kọjá wọ ìkejì láìdúró, ìlà ń tẹ ìlà ní gìgísẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Ní ẹsẹ kẹta ètè rẹ̀ ti ń pọ́n bí ẹ̀dọ̀. Ní ìkẹrin ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fínnífínní ti dìde, ó ti gbé ìka lé bọ́tìnì tí yóò fi pa ẹ̀rọ, Iyọ̀ sì mi orí fún un pé kí ó má pa á. Ní ẹsẹ karùn-ún, níbi tí ìlù ti ń wọlé, Àgbà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ó ti máa ń gbé e níwájú èrò, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí ó ti dé ibi tí ó ń lọ.

Ó dé ohùn gígùn náà. Ó fà á. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó ń wá Iyọ̀. Iyọ̀ rìn lọ bá a, ó dì í mú ní èjìká méjèèjì, ó la ẹnu sí ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí ń gba omi, ó sì wọ inú ohùn náà. Kò sí ibi tí wọ́n ti so pọ̀. Ohùn kan ṣoṣo ni, ó ti ọ̀fun bàbá wọ ọ̀fun ọmọ, ó gbóná, ó sì jẹ́ tirẹ̀.

Àgbà ti dákẹ́. Kò ṣubú. Ó dúró láàárín ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ là, ó ń gbọ́. Iyọ̀ sì mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí orin náà kò bá tíì parí, Àgbà yóò máa dúró láàyè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kò mí. Ó fa ohùn náà kọjá ibi tí Àgbà kọ ọ́ dé, kọjá ibi tí gìtá ti tán nínú sípíkà. Àyà rẹ̀ ń jó. Igun yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ó ń wo ojú ọkùnrin náà, ọkùnrin náà ń wo tirẹ̀, ó sì rọra mi orí fún un, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí ó ń kọ́ ọ ní ibi tí ó yẹ kí orin ti dúró.

Iyọ̀ mí.